Pátákó Ẹnu Ọ̀nà Kò Mọ Mojí

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Maryland. Mo gé ìwé náà kúrú, àmọ́ kókó rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Tetralogy of Fallot, àìsàn ọkàn kan, ni wọ́n bí mọ́ ọmọ mi obìnrin, Mojí, tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Oṣù 5 ló wà nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì lo oògùn kankan mọ́. Dókítà ọkàn rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹta, ó ní fáàfù kan, ìlẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn, ṣì ń jò díẹ̀, àmọ́ kó máa ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní ilé ìwé. Bàbá wọn ti wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Orlando fún oṣù kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kúnlé, ọmọ ọdún 10, kò sọ ohun míì mọ́ ju roller coaster lọ, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sáré lókè lódò lórí irin. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà àwọn nǹkan wọ̀nyí pé kí ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn má gùn ún. Màmá mi ní Abẹ́òkúta ní bí mo bá gbé ọmọ yẹn débẹ̀, kí n má pe òun mọ́. Ṣé ká lọ ni àbí ká fi sílẹ̀? Èmi ni, Ìyá Kúnlé."

Ìyá Kúnlé, ẹ máa lọ. Ìfẹ́ ló ń mú Màmá sọ̀rọ̀, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kọ́ ni èmi ń bẹ̀rù. Ọdún 19 ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ti la àyà wọn. Nínú àwọn tí mo mọ̀ tí ọjọ́ ìgbádùn dojú rú mọ́ lọ́wọ́, oòrùn, òùngbẹ àti oògùn tí wọ́n gbàgbé sílé ló bà á jẹ́ jù. Ohun tí ọmọ gùn kì í sábàá jẹ́ òun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti pátákó yẹn ná, torí òun ló gba oorun lójú yín.

Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé kí ara ẹni tó fẹ́ gùn ún dá ṣáṣá, kó má ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má ní àìsàn ọkàn, ti ẹ̀yìn tàbí ti ọrùn, kó má jẹ́ ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó má sì jẹ́ aláboyún. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n dà sómi yẹn, ẹja gbogbo ló ń kó. Bàbá arúgbó tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí lẹ́ẹ̀mẹta wà nínú "àìsàn ọkàn" tí wọ́n ń wí. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tí ihò náà sì ti dí fúnra rẹ̀ kó tó gbọ́njú, ìyá òun náà máa dúró níwájú pátákó kan náà, àyà rẹ̀ á máa já. Pátákó kò mọ Mojí. Igi tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ínǹṣì 44 ni Space Mountain, roller coaster kan níbẹ̀, ń béèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 7 sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ìjókòó àti irin tó máa dè é mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọn ọmọ, kò kan ọkàn.

Ọ̀rọ̀ dókítà yín náà kò sì tíì kárí. Nígbà tó ní kí Mojí máa ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù, eré sísá àti odò wíwẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sí ilé ìwé tó ń gbé ọmọ sáré padà sẹ́yìn nínú òkùnkùn, kó tún wá jù ú sílẹ̀ láti ibi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 80, bí Expedition Everest ṣe ń ṣe ní Animal Kingdom, ọ̀kan nínú ọgbà mẹ́rin Disney. Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kàn bi í pé "Ṣé ó lè lọ sí Disney?", ẹ̀rín ni yóò rín, yóò ní kò sí wàhálà, ẹ ó sì padà sílé pẹ̀lú ẹrù tí ẹ gbé lọ. Ẹ kọ orúkọ àwọn nǹkan tó wù yín sórí ìwé, kó máa mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí bẹ́ẹ̀ ni, èyí rárá, èyí ó di ọdún míì.

Kí ìbéèrè yín lè mú dóko, ohun tó wà nínú àyà Mojí rèé. Fallot tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà jẹ́ dókítà ará Faransé, ọdún 1888 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ihò wà láàárín yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ ọkàn. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fún. Ọ̀pá ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara wá gun orí ihò náà. Yàrá ọ̀tún sì ki, nítorí gbogbo ìgbà ló ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú tóóró. (Ẹ̀yin ará Maryland, Baltimore tiyín níbẹ̀, ní Johns Hopkins, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó kọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìrètí, ní oṣù kọkànlá 1944. Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, ló ti fi ajá kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn Dókítà Blalock, oníṣẹ́ abẹ náà, ló dúró sí lọ́jọ́ náà, tó ń júwe fún un. N kì í lè sọ̀rọ̀ Fallot kí n má dárúkọ bàbá yẹn.)

Ní ti Mojí, wọ́n lẹ àbùlẹ̀ dí ihò náà, wọ́n sì la ibi tó fún. Lílà yẹn kì í sábàá jẹ́ kí fáàfù tó wà níbẹ̀ pa dé gírígírí mọ́, òun ni dókítà yín ní ó ń jò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lè mú yàrá ọ̀tún fẹ̀, ojú àpá inú ọkàn sì lè da ìlù rẹ̀ rú. Àwọn tó ti dàgbà ni èyí ń bá fínra ju ọmọdé lọ, àmọ́ torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè yín lọ́dọọdún. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà ni bí yàrá ọ̀tún ti fẹ̀ tó nínú echo, àwòrán ọkàn, tó gbẹ̀yìn, àti ìgbà tí wọ́n ti so Holter mọ́ ọn kẹ́yìn, ẹ̀rọ kékeré yẹn tó ń ka ìlù ọkàn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́ fún un: ṣé ó ti dákú rí? Ṣé ó ti jókòó jẹ́ẹ́ kó ní àyà òun ń sáré? Ọmọ tí gbogbo èyí bá dára fún, mi ò tíì rí dókítà tó fi roller coaster kékeré dù ú.

Àwọn dókítà kan ní Jámánì so ẹ̀rọ mọ́ àyà ènìyàn 55 tí ara wọ́n le, wọ́n ní kí wọ́n gun roller coaster ńlá kan. Orí ìjókòó ni wọ́n wà o, ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀, síbẹ̀ ìlù ọkàn wọn lọ sókè kọjá 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ìpáyà ló ṣe é. Tí Mojí bá ń lé Kúnlé yípo ilé, ọkàn rẹ̀ lè lù tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé eré sísá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ọmọ sì lè dúró tó bá rẹ̀ ẹ́. Ìpáyà ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọkàn tí ìlù rẹ̀ ń ṣe ségesège tẹ́lẹ̀ ni èyí lè dà láàmú.

Ẹ ó ti ka ìtàn ọmọkùnrin ọdún 4 tó kú lẹ́yìn tó gun Mission: SPACE ní EPCOT, ọgbà Disney mìíràn, ní oṣù kẹfà 2005, mo mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní fi í pa mọ́ fún yín. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé iṣan ọkàn rẹ̀ ti ki jù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ṣáájú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá tó bá fi ìtàn yẹn bi mí ni pé ọmọ tiwọn ni wọ́n mọ inú ọkàn rẹ̀, àwọn dókítà ti fojú rí i, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà ṣì wà, ó ń fi ènìyàn yí bírí títí ìwọ̀n ara á fi ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ̀yà kejì rẹ̀, aláwọ̀ ewé, kì í yí rárá.

Èrò tèmi, tí kì í ṣe àṣẹ dókítà: bí gbogbo àyẹ̀wò Mojí bá tiẹ̀ mọ́ kedere, n kò ní fi Everest, Tower of Terror tàbí Mission: SPACE aláwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún 7. Wọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá pé 12. Iṣẹ́ wà fún un láti ṣe ní ọgbà Magic Kingdom títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọkọ̀ ojú omi inú "it's a small world" kò yá ju ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ. Na'vi River Journey ní Animal Kingdom àti Living with the Land ní EPCOT náà, inú ilé tútù ni wọ́n wà, ọkọ̀ rọra ń lọ lórí omi, àgbà sì lè sùn lọ níbẹ̀. Mo ti sùn lọ níbẹ̀ rí.

Ó wá ku oòrùn.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, yàrá kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Fontan fún un, wọ́n so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ látara mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tààrà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn débẹ̀ láìsí ohun tó ń tì í. Mo mú un lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9. Èmi nọ́ọ̀sì ọkàn o. Mo gbé lẹ́tà dókítà dání, mo to oògùn sínú páálí, mo há àkọsílẹ̀ ohun tó lè gùn àti ohun tí kò lè gùn sórí bí àdúrà. Ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, a wà lórí ìlà áásìkiriìmù, kò sí ibòji, ẹni bí 20 ló wà níwájú wa. Ó dákẹ́. Mo rò pé inú ló ń bí i. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ó ti jókòó sí etí ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí, ó ti bọ́ bàtà, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kejì, ètè rẹ̀ rí bí ẹni tó lá aró. Ike omi rẹ̀ wà nínú báàgì èmi, ó kún dé ẹnu. Láti àárọ̀, kò gun nǹkan kan ju ẹṣin onígi tó ń yípo. OníFontan kì í fẹ́ kí omi dín lára rárá, torí omi tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a gbé ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹsẹ̀ sókè, omi kékeré-kékeré, yìnyín ní ọrùn, yàrá tútù. Wákàtí kan ààbọ̀ kó tó padà sípò. N kò sọ fún àbúrò mi títí di ọjọ́ kejì.

Ti Mojí kò tó tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Orlando ní oṣù kẹjọ, nǹkan bíi 33 Celsius ni ìgbóná ọ̀sán, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì mú un dà bí ẹni ń gbé inú ìkòkò. Lọ́pọ̀ ọ̀sán, àrá á sán, òjò á rọ̀, wọ́n á ti àwọn nǹkan ìta pa fún wákàtí kan. Ẹ rìn ín bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rìn ín: ẹ dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i, ẹ kúrò ní agogo 12, kí àwọn ọmọ jẹun kí wọ́n sùn, kí ẹ padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má dúró kó ní òùngbẹ ń gbẹ òun kí ẹ tó fún un lómi, ọmọ tó ń ṣeré kì í mọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Tó bá ti pọ́n, ẹ ti pẹ́. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú ọgbà náà ń bu omi oníyìnyín fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà béèrè.

Ìrìn náà ń rẹ ọmọ. Kìlómítà 10 lójúmọ́ kì í ṣe nǹkan níbẹ̀, nítorí náà ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, bí Mojí bá tiẹ̀ ní òun ti dàgbà. Ẹ gba ọ́fíìsì Guest Relations lọ, ẹ ṣàlàyé, wọ́n á lẹ àmì kan mọ́ kẹ̀kẹ́ náà pé kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni, ẹ ó sì lè tì í wọ inú ìlà dípò kí ẹ fi sílẹ̀ níta. Ẹ má gbójú lé DAS, ètò tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ dídúró lórí ìlà. Láti 2024 ni Disney ti fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ bíi autism, wọ́n sì ń bi ènìyàn ní ìbéèrè lórí fídíò. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn láti purọ́. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé mọ́ láéláé.

Ti Kúnlé rọrùn. Rider Switch ni kí ẹ béèrè fún lẹ́nu ọ̀nà ohunkóhun tí wọ́n ń wọn gíga fún. Bàbá á bá Kúnlé gùn ún, ẹ̀yin àti Mojí á wà ní ibòji. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin náà á wọlé láìtún ìlà tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó máa dà bí ẹni pé ọkàn Mojí ló ń jẹ Kúnlé níyà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ aláìsàn máa ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú dàgbà, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.

First Aid wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ibùsùn wà, wọ́n á sì bá yín fi oògùn tó ń fẹ́ tútù sínú fíríìjì. Ti Magic Kingdom wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace. Ẹ lọ kí wọn ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ ti mọ ọ̀nà.

Ẹ gba lẹ́tà méjì-mẹ́ta ìlà lọ́wọ́ dókítà, àti ECG Mojí tó gbẹ̀yìn, ìwé tí ẹ̀rọ ya ìlù ọkàn sí, kí ẹ ya á sórí fóònù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ Fallot fún ni ECG wọn kì í rí bí ti ọmọ yòókù mọ́, títí láé. Dókítà pàjáwìrì tí kò rí ti àtẹ̀yìnwá lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò sí. Bí ẹ bá fi tiyín hàn án, á fi méjèèjì wéra. Ilé ìwòsàn ọmọdé tó dáńtọ́ wà ní Orlando, Arnold Palmer wà níbẹ̀, Nemours náà wà.

Rírẹ̀ lásán, ẹ jẹ́ kó sinmi. Tó bá ní àyà òun ń lù kìkìkì tí kò sì dẹwọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ti jókòó, First Aid. Tó bá dákú, pàápàá nígbà tó ń sáré tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí nǹkan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a bu omi sí i lójú: ẹ pe 911, ẹ ké sí òṣìṣẹ́ tó bá súnmọ́ yín jù kó gbé AED wá, ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí. Tí kò bá mí, kí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, kí ẹ̀yin méjèèjì ti kọ́ ọ. Ìdajì ọjọ́ kan ló ń gbà.

Ẹ̀yin òbí mìíràn tó ń ka èyí, ẹ má gbé ìdáhùn Mojí wọ ọmọ tiyín lọ́rùn. Oní-long QT, àìsàn ìlù ọkàn kan, yàtọ̀ gbáà. Irú kan wà tí ariwo òjijì lè dá ọkàn rẹ̀ rú, irú mìíràn wà tó jẹ́ pé odò òtẹ́ẹ̀lì gan-an ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ju roller coaster lọ. Ẹni tó ń lo propranolol, oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù, kò gbọdọ̀ pa oúnjẹ jẹ torí ìlà gùn, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, fífi orí gbá irin ìjókòó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó ní pacemaker, ẹ̀rọ inú ara tó ń ṣètò ìlù ọkàn, kí ẹ bi ilé ìwòsàn nípa mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n fi ń ta àwọn ọkọ̀ kan síwájú. Ọmọ tí ètè rẹ̀ ṣì ń dúdú, ẹ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàálù: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ti orí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000.

Ìyá Kúnlé, ohun kan ṣì kù. Ọmọ máa ń fi àìlera pa mọ́ kí wọ́n má bàa dá a padà sílé. Ẹ bá Mojí ṣe àdéhùn àmì kan tí kò ní ojú tì í, bóyá kó fún àtàńpàkò yín lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ṣe é, ẹ kúrò lórí ìlà, ẹ má bi í léèrè níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ iye tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ pe ọ́fíìsì dókítà lọ́la, torí tí wọ́n bá ní Holter ni wọ́n fẹ́, ó ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí èsì rẹ̀ tó jáde. Tí orúkọ kan bá wà lórí ìwé yín tí dókítà kò mọ̀, ẹ fi fídíò rẹ̀ hàn án lórí fóònù. Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà wa, wọ́n a sì wò ó dé òpin.